Ta Ni Yóò Ka Àwọn Tí Ó Péjú sí Ìlúpéjú?

Ẹni tí ó sọ Ìlúpéjú ní orúkọ kò ṣìnà rárá. Láti ojú títì Ìkòròdú títí dé ìhà Muṣin àti Òṣòdì, agbára káká ni a fi lè rí ìlú kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò ní ọmọ níbẹ̀. Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀, Ẹ̀gbá wà níbẹ̀. Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì, Àkókó àti Ìgbómìnà kò gbẹ́yìn. Àwọn ọmọ Íbò àti Haúsá ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú, títí kan àwọn tí ó ti Kútọnu àti Togo wá. Kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn tí ó fi Ìbàdàn ṣe ibùjókòó ni Ìkẹjà, Muṣin àti Agége wà, ìjọba náà ni ó sì ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Ìkẹjà àti ní Ìlúpéjú. Láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń ti ìgbèríko wọ́ wá. Agége tilẹ̀ ti mọ irú rẹ̀ ṣáájú. Nígbà tí Jacob Kẹ́hìndé Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn olóko Agége sílẹ̀ ní 1907, àwọn alágbàṣe tí ó ti òkè wá ni ó ń ro oko kòkó wọn. Ọwọ́ àwọn tí ó fi ilé sílẹ̀ ni a fi tún gbogbo àgbègbè yìí ṣe.

Olówó ilé iṣẹ́ mọ iye àgbá ọ̀dà tí ó gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ jáde ní oṣù tí ó kọjá. Ìjọba ìbílẹ̀ mọ iye owó ìsọ̀ tí ó wọ àpò rẹ̀. Onílé mọ ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní owó yàrá, ó sì mọ ọ́n dáadáa. Ohun tí a fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí kò ju ọ̀kan lọ: nínú gbogbo àwọn tí ó pé jọ yìí, ta ni ó ń ṣàìsàn, irú àìsàn wo ni, ibo ni ó sì ń kú sí?

Ẹ̀ka ìmọ̀ kan wà tí àwọn òyìnbó ń pè ní epidemiology. Kì í ṣe ìmọ̀ wíwo ẹni kan ṣoṣo lórí ẹní àìsàn. Ìmọ̀ kíka ọ̀pọ̀ ènìyàn ni, kí a lè mọ ẹni tí àrùn mú, ẹni tí kò mú, àti ohun tí ó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Oníṣègùn a máa béèrè pé, kí ni ó ń ṣe ọ́? Ẹni tí ó ní ìmọ̀ yìí a máa béèrè pé, èé ṣe tí ó fi jẹ́ ìwọ, tí kì í sì í ṣe aládùúgbò rẹ? Àwọn tí ó ṣí kúrò nílé sì ni ó ti kọ́ ìmọ̀ yìí ní ẹ̀kọ́ jùlọ. Ìdí rẹ̀ kò farasin. Bí ẹbí kan bá pín sí ọ̀nà méjì, tí apá kan jókòó sílé, tí apá kejì lọ sí ẹ̀yìn odi, ẹ̀jẹ̀ wọn kò yàtọ̀, ìgbé ayé wọn ni ó yàtọ̀. Bí àrùn bá wá pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ó lọ ju àwọn tí ó dúró lọ, ó di ọ̀ranyàn kí a wo ọ̀nà, kí a wo oúnjẹ, kí a wo iṣẹ́ àti ibùsùn, nítorí a kò lè di gbogbo ẹ̀bi náà ru ẹ̀jẹ̀ mọ́.

Àwa Yorùbá wà lára àwọn tí a fi ṣe ọ̀kan nínú ẹ̀rí tí ó lágbára jùlọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ nínú wa ni ó gbọ́ nípa rẹ̀. Ní 1997 ni Richard Cooper, oníṣègùn kan ní ẹ̀bá Chicago, àti Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tẹ ìwé kan jáde lórí ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n ti wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn tí ó lé ní 10,000, tí gbogbo wọn jẹ́ ìran Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà: ní Nàìjíríà níhìn-ín, ní ilẹ̀ Yorùbá; ní Cameroon; ní Jamaica, St Lucia àti Barbados; àti ní Maywood ní Amẹ́ríkà. Nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, àwọn 16 ni ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ní àwọn erékùṣù Caribbean ó di 26. Ní Amẹ́ríkà ó di 33. Ó ń gòkè bí ẹni gun àkàbà, bí wọ́n ti ń jìnnà sí ilé.

Ó yẹ kí inú ọmọ Yorùbá dùn sí ìwé náà fún ìdí kan. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn kan ní ìlú òyìnbó ti ń wí pé ẹ̀jẹ̀ ríru jẹ́ àbùdá ènìyàn dúdú, pé bí a ṣe dá wa ni. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó jókòó sí Ìbàràpá ni ìbá kọ́kọ́ fi í hàn. Ní 2005 ni Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún fi àwọn dúdú wé àwọn funfun ní orílẹ̀-èdè púpọ̀: láàrin àwọn dúdú, iye náà bẹ̀rẹ̀ láti 14 nínú ọgọ́rùn-ún dé 44, láàrin àwọn funfun, láti 27 dé 55. Àwọn ará Jámánì, tí kò sí ẹni tí ó pè wọ́n ní dúdú rí, ni ó wà ní òkè téńté.

Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ kan náà ti Ìdíkàn ní Ìbàdàn jáde. Ní 1992 ni Benjamin Olúwákáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, àgbà oníṣègùn ọpọlọ tí ó ti Òkèmẹ̀sí wá, pẹ̀lú Adéṣọlá Ògúnníyì àti Hugh Hendrie ará Indianapolis, bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn arúgbó ní ìlú méjèèjì láti mọ iye àwọn tí àrùn arán ń mú. Ọ̀ṣúntókun kú ní 1995, kò rí òpin iṣẹ́ náà. Nígbà tí èsì jáde ní 2001, a rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún arúgbó tí ọpọlọ wọn pé, àwọn tí arán ń mú láàrin ọdún kan jẹ́ 1.35 ní Ìbàdàn, ó sì jẹ́ 3.24 láàrin àwọn dúdú Indianapolis. Ó ju ìlọ́po méjì lọ. Àwọn ará Indianapolis wọ̀nyí kò ṣí kúrò nílé fúnra wọn ṣá o. A kó àwọn baba ńlá wọn lọ ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n bí wa kò yàtọ̀: kí ni ó wà nílé tí kò sí lájò, kí ni ó sì wà lájò tí kò sí nílé?

Ọ̀pọ̀ nínú wa, bí a bá gbọ́ irú nǹkan báyìí, a máa mi orí, a máa káàánú àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Amẹ́ríkà àti London, a sì máa padà sídìí iṣẹ́ wa pẹ̀lú ọkàn balẹ̀. Ọkàn balẹ̀ yẹn ni àwa kò fara mọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ará Ghana, tí wọ́n sún mọ́ wa ju Amẹ́ríkà lọ. Láàrin 2012 sí 2015, Charles Agyemang, ọmọ Ghana tí ó ń ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní Amsterdam, àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́, wọn àwọn ọmọ Ghana tí ó lé ní 5,000 ní ibi mẹ́ta: ní abúlé ní ilẹ̀ Aṣante, ní àwọn ìlú ńlá Ghana bíi Kumasi, àti ní ìlú òyìnbó, èyíinì ni Amsterdam, Berlin àti London. Ohun kan tí wọ́n wò ni ara sísan tí ó kọjá ààlà, èyí tí ó máa ń fa àtọ̀gbẹ àti àrùn ọkàn lọ́wọ́. Láàrin àwọn ọkùnrin, ó jẹ́ 1.3 nínú ọgọ́rùn-ún ní abúlé, 6.9 ní ìlú ńlá Ghana, 21.4 ní London. Láàrin àwọn obìnrin, ó jẹ́ 8.3 ní abúlé, 33.9 ní ìlú ńlá Ghana, 54.4 ní London.

Kí olùkàwé tún àwọn iye obìnrin wọ̀nyẹn kà. Láti abúlé dé Kumasi, ó di ìlọ́po mẹ́rin. Láti Kumasi dé London, kò tó ìlọ́po méjì. Obìnrin tí ó wọ ọkọ̀ akérò láti abúlé dé ìlú ńlá ti rìn jù nínú ara rẹ̀ ju ẹni tí ó fi ọkọ̀ òfurufú kọjá òkun lọ, kò sì sí ẹni tí ó béèrè ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò sì gba ọdún pípẹ́. Ní 1990 ni Neil Poulter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn àwọn Luo ilẹ̀ Kenya tí wọ́n kúrò ní abúlé wọn lọ sí Nairobi. Láàrin oṣù díẹ̀ péré tí wọ́n dé ìlú ni ẹ̀jẹ̀ wọn ti ga ju ti àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ ní abúlé lọ; àyẹ̀wò ìtọ̀ wọn sì fi hàn pé iyọ̀ tí wọ́n ń jẹ ti pọ̀ sí i, pé èròjà pòtáṣíọ̀mù tí ó wà nínú ẹ̀fọ́ àti èso sì ti dín kù. Nítòsí wa níhìn-ín pẹ̀lú, nígbà tí àwọn tí ó ń ṣe ìwádìí ẹ̀jẹ̀ ríru wo oríṣi ènìyàn mẹ́ta ní ẹkùn Ìbàdàn ní nǹkan bí 1994, àwọn àgbẹ̀ ìgbèríko ni tiwọn kéré jù, àwọn tálákà ìgboro tẹ̀ lé wọn, àwọn òṣìṣẹ́ réluwé tí ó ti fẹ̀yìntì ni tiwọn sì ga jù. Àkàbà tí ó ti Ìbàràpá dé Chicago, ẹsẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ wà níhìn-ín láàrin wa. Ẹni tí ó ti Ìgbó-Ọrà dé Ìlúpéjú ti bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún.

Ẹ wo bí ó ti ń gùn ún. Ní ilé, ó ń rìn lọ sí oko ó sì ń rìn bọ̀. Àmàlà láfún àti ẹ̀fọ́ ni oúnjẹ rẹ̀, ilẹ̀ bá ṣú ó sùn. Ní Ìlúpéjú, ó ń dúró sójú kan níwájú ẹ̀rọ láti ìrọ̀lẹ́ títí di òwúrọ̀, ó sì ń wá oorun lọ́sàn-án nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ẹni márùn-ún tàbí mẹ́fà ń mí èémí kan náà. Èémí yẹn ni ikọ́ ife ń gùn bí ẹṣin. Búrẹ́dì àti ohun mímu aládùn inú ìgò ni ó fi ń di ìdajì ọjọ́. Ìyókù ni ìrẹsì àti ọbẹ̀ tí iyọ̀ àti Magí ti pa. Bí ó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ojúmọ́, ọjọ́ tí ó bá lọ rí dókítà ni ọjọ́ tí kò ní gba owó, nítorí náà ilé ìtajà oògùn tí ó wà ní ìkángun àdúgbò ni ó ń bẹ̀, wọn a sì fún un ní oògùn ara ríro. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Ọjọ́ tí yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó lè jẹ́ ọjọ́ tí apá kan ara yóò rọ.

Àwọn kan lè gbé ọ̀rọ̀ yìí gba ọ̀nà mìíràn, kí wọ́n wí pé ìlú ńlá ni ó burú, kí gbogbo ènìyàn padà sí oko. Ọ̀rọ̀ òfo ni. Owó tí ó ń ti Ìlúpéjú lọ sílé ni ó ń san owó ilé ẹ̀kọ́, òun ni ó sì kan páànù sórí ọ̀pọ̀ ilé ní àwọn ìlú tí ẹ̀yin ìjòyè ń ṣe àkóso. Kò sì dájú pé ìlú nìkan ni ó ń pani. Àwọn ará Japan kan wà tí àwọn òbí wọn ṣí lọ sí California, ilẹ̀ tí àrùn ọkàn ti pọ̀ ju ti Japan lọ púpọ̀. Ní 1976, Michael Marmot àti Leonard Syme fi hàn pé kì í ṣe gbogbo wọn ni àrùn náà mú bákan náà. Àwọn tí a tọ́ dàgbà nínú àṣà Japan, tí wọ́n sì di ẹgbẹ́ àti ará wọn mú ṣinṣin, àrùn ọkàn láàrin wọn kò ju ti ilé lọ; àwọn tí ó jìnnà jù sí àṣà náà, tiwọn tó ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún. Oúnjẹ àti tábà nìkan kò sì tó láti ṣe àlàyé ìyàtọ̀ náà.

Ẹgbẹ́ bíi tiwa yóò fẹ́ láti sá tẹ̀ lé irú ìròyìn yìí, kí a sì máa kígbe pé aṣọ òfì ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru sàn. Kí a rọra. Agbádá kò wo ẹnikẹ́ni sàn rí. Ẹlòmíràn tilẹ̀ ń fi í bo ikùn. Ohun tí a gbà pé ó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ará Japan wọ̀nyẹn ni pé ẹnìkan mọ̀ bí wọ́n bá sùn tí wọn kò jí. Àwa náà ní irú rẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí ó ń ṣe ìpàdé lọ́jọ́ Àìkú ní yàrá ilé ẹ̀kọ́, èsúsú, ọjà tí àwọn obìnrin ìlú kan ti jọ ń tà: ìwọ̀nyí ni ó yẹ kí a fi ṣọ́ ìlera ara wa, kì í sì í ṣe ijó àti aṣọ ẹgbẹ́ nìkan.

Ìdí kan wà tí ọ̀ràn yìí fi ń farasin, òun ni ó sì ń dùn wá jù. Àwọn tí ó ń kúrò nílé wá ṣiṣẹ́, àwọn alágbára ni. Aláìsàn kì í fi ilé sílẹ̀ lọ gbé irin. Nítorí náà, bí o bá ka àwọn òṣìṣẹ́ ní ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀rọ, ìwọ yóò rí ara tí ó le koko. Nígbà tí agbára náà bá tán, Yorùbá ti wí pé ilé ni àbọ̀ sinmi oko: ọkùnrin náà a di ẹrù rẹ̀, a wọ ọkọ̀ ní Òṣòdì, a sì lọ. Ẹlòmíràn tí ó lágbára a gba ipò rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ilé ẹ̀rọ kò rí aláìsàn, Èkó kò rí òkú. Àwọn dókítà wa ní Ìdí-Àràbà àti ní Ìkẹjà ti ṣe iṣẹ́ ìwádìí láàrin àwọn òṣìṣẹ́, a sì yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lọ wo òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ kan kò lè wo ẹni tí ó ti padà sílé ní oṣù tí ó ṣáájú ọjọ́ náà.

Èyí kì í ṣe ìfura lásán. Ní Gúúsù Áfíríkà, ibi kan wà ní ẹkùn Mpumalanga tí a ń pè ní Agincourt, níbi tí àwọn onímọ̀ ti ń lọ láti ilé dé ilé láti 1992, tí wọ́n ń kọ ẹni tí a bí, ẹni tí ó kú, ẹni tí ó lọ sí ìlú iṣẹ́ àti ẹni tí ó bọ̀. Ní 2007, Samuel Clark àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìwé náà hàn pé àwọn tí ó ti ìdí iṣẹ́ padà wá sílé láìpẹ́ ni ikú àrùn AIDS àti ikọ́ ife pọ̀ sí láàrin wọn. Wọ́n ń wá sílé wá kú ni. Ní ilẹ̀ kan náà, ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn tí ó ń wa wúrà, láti Lesotho, Mozambique àti ìgbèríko, fi ń gbé eruku òkúta sínú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí abúlé tí kò sí dókítà. Nígbà tí àwọn tí ó kù láàyè pe àwọn ilé iṣẹ́ náà lẹ́jọ́, tí ilé ẹjọ́ ní Johannesburg sì fọwọ́ sí ìlàjà tí ó tó bílíọ̀nù 5 owó Rand ní 2019, ọ̀pọ̀ ti lọ sí ibi tí owó kò dé.

A kò wí pé eruku Ìlúpéjú dà bí ti kòtò wúrà. Ohun tí a ń wí ni pé ìwé tí ó yẹ kí ó dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò sí lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kankan tí a mọ̀. Nígbà tí ìwé kò sí, ẹ̀yin ìjòyè mọ ohun tí ó máa ń dáhùn. Ọmọkùnrin kan ti Èkó dé pẹ̀lú ikọ́, ó rù. Láìpẹ́ ó kú ní ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Wọn a wí pé àwọn ayé ni, wọn a wo ojú ìyá àgbà kan nínú agbo ilé, ìjà a dé láàrin ọmọ ìyá. Àrúgbó ń jẹ̀bi ohun tí eruku, òru àti yàrá híhá ṣe ní ọ̀nà jíjìn, ẹni tí yóò gba ipò olóògbé lẹ́nu iṣẹ́ sì ti wọ ọkọ̀ láti ìlú kan náà.

A mọ̀ pé bí a bá mẹ́nu kan ìwé àti iye, ẹnìkan yóò dìde láàrin ìpàdé, yóò sì pa òwe pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, a kò sì gbọdọ̀ fi ṣe ẹlẹ́yà. Àwọn baba wa mọ̀ pé ẹni tí ó bá ń ka ọmọ rẹ lè jẹ́ ẹni tí ó fẹ́ gbà lára wọn, fún owó orí tàbí fún ogun. Ìkànìyàn tiwa ní ayé òde òní kò sì mú ìfura náà kúrò. Ní 2006, àjọ ìkànìyàn wí pé àwọn ará Ìpínlẹ̀ Èkó jẹ́ 9,013,534. Ìjọba Èkó tí ó ka tirẹ̀ wí pé wọ́n jẹ́ 17,552,942. Láti ìgbà náà, Nàìjíríà kò tíì ka ènìyàn mọ́. Èyí tí a fi sí 2023 ni a sún síwájú. Ẹni tí kò bá mọ̀ bóyá ènìyàn mẹ́sàn-án ni ó wà nínú ilé tàbí mẹ́tàdínlógún, báwo ni yóò ti mọ̀ bóyá àrùn pọ̀ níbẹ̀?

Ìfura àwọn tí kì í jẹ́ kí a gba ẹ̀jẹ̀ wọn pẹ̀lú ní ìdí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kano ní 1996, nígbà tí a fi oògùn tuntun tí ilé iṣẹ́ Pfizer ṣe dán àwọn ọmọdé wò ní àkókò àrùn yírùnyírùn, dá ẹjọ́ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ilé iṣẹ́ náà àti ìjọba Kano tó ṣe àdéhùn ìlàjà mílíọ̀nù 75 dọ́là ní 2009. Nítorí náà a kò ní kí ẹnikẹ́ni na apá fún àlejò tí kò ṣàlàyé ara rẹ̀. Kí ó fi ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣọ́ ìwà ọmọlúwàbí nínú ìwádìí hàn. Kí ó sọ ohun tí ó ń wá ní èdè tí a gbọ́. Kí ó sì padà wá sọ ohun tí ó rí, nítorí èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń gbàgbé. Ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá Ìbàdàn 90, ìyá, bàbá àti ọmọ, wà nínú iṣẹ́ ńlá tí gbogbo ayé fi ṣe àfiwé àbùdá ìran ènìyàn, tí a bẹ̀rẹ̀ ní 2002. Àwọn onímọ̀ ní Tokyo àti ní London mọ àbùdá wa dé ibi tí ó dára. Ohun ìyanu ni pé wọ́n lè mọ èyí, kí àwa má sì mọ ohun tí ó pa àwọn ọmọ wa tí ó ti Ìlúpéjú bọ̀ ní ọdún tí ó kọjá.

Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì pé kíka lè gba ẹ̀mí là, kí ó rántí 2014. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún náà, ọkùnrin kan tí ó ti Liberia wá bọ́ sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà pẹ̀lú àrùn Ebola. Dókítà Àmẹ́yọ̀ Adádévọ̀h àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ kò jẹ́ kí ó kúrò ní ilé ìwòsàn; àrùn náà pa òun fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn iṣẹ́ akọni yẹn, iṣẹ́ àwọn tí ń kọ̀wé ni ó kù. Wọ́n wá gbogbo ẹni tí ó fara kan aláìsàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900. Wọ́n lọ bá wọn lójúkojú, ó tó ìgbà 18,500. Wọ́n tẹ̀ lé ẹni tí ó ti sá lọ sí Port Harcourt àti ẹni tí ó ti lọ sí Enugu. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú, 8 kú, a sì kéde ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá pé Nàìjíríà ti bọ́. Ní 1918, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi gbé àrùn ìnfúlúẹ́ńsà dé Èkó, kò sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà réluwé tí ó gba Agége kọjá ni ó bá àwọn tí ń sá lọ sílé gbé e wọ inú ilẹ̀. Ọ̀kan náà ni ọ̀nà, ìwé ni ó ṣe ìyàtọ̀.

Òfin tí ó ní kí a forúkọ gbogbo òkú sílẹ̀ ti wà láti 1992, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó ní ààfin mọ iye ìgbà tí ẹnìkan wá béèrè ìwé náà lọ́wọ́ yín. A kò ní dúró de ìjọba lórí èyí. Ohun tí a ń wí ni pé kí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan, ní Ìlúpéjú, Muṣin, Ìkẹjà àti Agége, ra ìwé kan, kí akọ̀wé rẹ̀ sì máa kọ ohun mẹ́fà nípa ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ó bá gbà bẹ́ẹ̀: ọdún tí ó kúrò nílé, ọjọ́ orí rẹ̀, iṣẹ́ tí ó ń ṣe, iye ènìyàn tí ó wà ní yàrá rẹ̀, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, àti bí ó bá ti padà sílé, ìdí rẹ̀. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ kò wọ́n ju aṣọ ẹgbẹ́ ọdún kan lọ, nọ́ọ̀sì tàbí olùkọ́ kan kò sì ní ṣàìsí nínú ìpàdé tí yóò mọ̀ ọ́n lò. Ní ilé, kí baálẹ̀ tàbí ìjòyè tí a bá gbé òkú wá bá, tàbí tí aláìsàn bá ti ìdí iṣẹ́ dé bá, béèrè ibi tí ó ti ṣiṣẹ́, iṣẹ́ wo ni, fún ọdún mélòó, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé ní Èkó kí ìwé méjèèjì lè bá ara wọn pàdé. Iṣẹ́ Agincourt kò ju èyí lọ ní ìpìlẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọ̀mọ̀wé ni ó di ìwé tiwọn mú.

Ìwé náà, ẹgbẹ́ ni ó ni í. Kí a fi orúkọ sí ojú ewé kan, kí a fi nọ́ńbà sí èkejì, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ ẹni méjì. Kí a má ṣe fi han agbanisíṣẹ́ kankan, nítorí àwọn kan yóò lé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga dípò kí wọ́n tọ́jú rẹ̀. Bí ó bá pé ọdún kan, a óò pe àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti Ìdí-Àràbà, Ìkẹjà àti Ìbàdàn kí wọ́n wá bá wa kà á lójú wa. Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí akọ̀wé rẹ̀ kọ̀wé sí olóòtú ìwé ìròyìn yìí kí oṣù yìí tó parí. A óò tẹ àwòrán ojú ewé tí a lérò pé ó tọ́ ránṣẹ́ sí i láìgba owó, a ó sì máa tẹ iye tí ìlú kọ̀ọ̀kan bá rí jáde níhìn-ín, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni.